Ọgbọ́n Àtọwọ́dá àti Ìkéde Ètò Ìlera ní Èdè Yorùbá: Àyẹ̀wò Láti Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

1.0 Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ ọ̀nà tí a lè gbà lo ọgbọ́n àtọwọ́dá fún ìkéde ètò ìlera ní èdè Yorùbá wò, kí a sì fi hàn pé èdè gan-an ni ibi tí iṣẹ́ náà ti le jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ tuntun yìí ni ó máa ń wo kìkì ohun tí ẹ̀rọ náà lè ṣe: bí ó ti yára tó, bí kì í ti í rẹ̀ ẹ́, àti bí ó ti lè dá ẹgbẹ̀rún ènìyàn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀ ni ó ń béèrè pé nígbà tí ẹ̀rọ bá sọ̀rọ̀ tán, kí ni ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ gbọ́? Ìbéèrè yìí ni a fi ṣe òpó iṣẹ́ yìí, nítorí pé nínú ọ̀rọ̀ ìlera, àṣìgbọ́ lè di àìsàn, ó sì lè di ikú.

Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì ni a mú gẹ́gẹ́ bí àwòṣe. Ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀ níhìn-ín ni ìjọba ìbílẹ̀ Ìjerò, èyí tí Ìlórò-Èkìtì wà nínú rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ tí Àrámọ̀kọ jẹ́ olú-ìlú fún. Àti ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀fọ̀n. Ìdí mẹ́ta ni a fi yan agbègbè yìí. Èkíní ni pé èdè tí a ń sọ nílé níbẹ̀ yàtọ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò tí a ń kọ sínú ìwé, tí ó sì jẹ́ pé òun nìkan ni ẹ̀rọ mọ̀. Èkejì ni pé ní Ìjerò-Èkìtì ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ìpínlẹ̀ Èkìtì dá sílẹ̀ fún ìmọ̀ ìlera wà, ibẹ̀ ni a sì ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé. Ẹ̀kẹta ni pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ibẹ̀ ń ṣe. Rédíò àti fóònù kékeré ni wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn, kì í ṣe ìwé.

2.0 Ohun tí ọgbọ́n àtọwọ́dá jẹ́

Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni orúkọ tí a fún àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣe iṣẹ́ tí a ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ọpọlọ ènìyàn nìkan ni ó lè ṣe é. Ọ̀nà méjì ni a lè pín in sí fún ànfààní iṣẹ́ yìí. Ọ̀nà kìíní ni ti ẹ̀rọ aṣírò, èyí tí ó ń wo àkọsílẹ̀ tí ó sì ń sọ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó ṣẹlẹ̀, bí àpẹẹrẹ, ìyá ọmọ wo ni ó ṣeé ṣe kí ó má mú ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀nà kejì ni ti ẹ̀rọ asọ̀rọ̀, èyí tí ó ń kọ̀wé, tí ó ń túmọ̀ èdè, tí ó sì ń dáhùn ìbéèrè. Irú èyí ni ChatGPT, tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022.

Ó yẹ kí a mọ bí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kí a tó lè mọ ibi tí ó ti lè kọsẹ̀. Wọn a kó àkọsílẹ̀ tí ó pọ̀ jaburata fún un. Ẹ̀rọ náà a sì wo ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ mìíràn nínú àkọsílẹ̀ náà. Nígbà tí a bá bi í ní ìbéèrè, ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé ṣe jù lọ kí ó tẹ̀lé èyí tí ó wà nílẹ̀ ni yóò máa tò jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibà kò ṣe é rí, kò sì tọ́jú alábà rí. Bí àwọn ènìyàn ti kọ̀wé nípa ibà ni ó mọ̀. Nítorí náà, èdè tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀, tí ó sì péye, ni ẹ̀rọ yóò gbọ́ dáadáa. Èdè tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kéré, tàbí tí a kọ ní ìkọkúkọ, ìkọkúkọ náà ni ẹ̀rọ yóò kọ́.

Yorùbá kò sí lẹ́yìn pátápátá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013 ni Google fi Yorùbá, Haúsá àti Ígbò kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ ìtumọ̀ rẹ̀ ń túmọ̀. Ní ọdún 2021, David Adelani àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àkójọ gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kan jáde, tí wọ́n pè ní MENYO-20k, kí àwọn onímọ̀ lè máa fi dán ẹ̀rọ ìtumọ̀ wò. Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Meta gbé ẹ̀rọ ìtumọ̀ kan jáde fún igba èdè, Yorùbá sì wà nínú wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà náà gbé ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ tirẹ̀ jáde, N-ATLaS, fún Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti Gẹ̀ẹ́sì bí a ti ń sọ ọ́ ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé agbani-nímọ̀ràn orí ẹ̀rọ kan jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ S.A.R.A.H., èdè mẹ́jọ ni ó ń sọ, kò sì sí èdè ilẹ̀ aláwọ̀-dúdú Áfíríkà kan ṣoṣo nínú wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ ní Ìlórò ní láti mọ̀ pé àwa fúnra wa ni a ó ṣe iṣẹ́ náà.

3.0 Ìkéde ìlera kí ẹ̀rọ tó dé

Ìkéde kì í ṣe àjèjì sí wa. Kí rédíò tó dé ni akéde ti ń lu agogo yí ìlú ká. Ní ayé ìjọba amúnisìn ni wolé-wolé ń wọ agbolé láti wo àmù omi àti ààtàn. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé pàdé ní Alma-Ata ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978 láti ṣe ìpinnu lórí ìlera alábọ́ọ́dé, ẹ̀kọ́ nípa ìlera ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tò sínú àwọn ojúṣe tí wọ́n kà sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ mínísítà fún ètò ìlera láti ọdún 1985 sí 1992, ni ó gbé ètò náà dé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa.

Àpẹẹrẹ méjì yóò fi hàn wá ohun tí ìkéde lè tún ṣe àti ohun tí ó lè bàjẹ́. Àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ ni ti sòbìà. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí sòbìà ń ṣe ní Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988 sí 1989, iye wọn lé ní 650,000. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn, William Brieger jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, ṣiṣẹ́ ní Ìdèrè ní ilẹ̀ Ìbàràpá, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé sòbìà jẹ́ ohun tí ó wà nínú ara láti ilẹ̀ wá bí iṣan. Ẹni tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀ kò ní rí ìdí tí òun yóò fi máa fi aṣọ sẹ́ omi. Ìwé àlẹ̀mógiri tí ó kàn sọ pé “ẹ sẹ́ omi yín” kò dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àfi kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kí a tó mọ ohun tí a ó fi dá wọn lóhùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí sòbìà ṣe ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní ọdún 2013 pé àrùn náà ti kúrò nílẹ̀ wa. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún sòbìà, kò sì sí oògùn tí ń wò ó. Omi tí ó mọ́, aṣọ asẹ́mi, ìṣọ́ra àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì ni ti Ebola. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014 ni ẹni tí ó kó àrùn náà wọ Nàìjíríà gúnlẹ̀ sí Èkó. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àhesọ kan gba orí fóònù kan lóru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ènìyàn mẹ́jọ ni Ebola fúnra rẹ̀ pa ní orílẹ̀-èdè yìí kí a tó borí rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí i pé kò sí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ kankan nígbà náà. Ohun tí ó mú kí àhesọ náà yára ni pé èdè ilé ni a fi sọ ọ́, ẹni tí a mọ̀ ni ó sì pè wá. Bí irọ́ bá ti ń fi èdè ilé rìn, tí òtítọ́ sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yorùbá tí kò dán mọ́rán rìn, irọ́ ni yóò kọ́kọ́ dé.

Òwe wa kan sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ rere kì í gbé ọ̀rọ̀ bí wọ́n ti gbé e lé e lọ́wọ́ gẹ́lẹ́. Ó ń wo ojú ẹni tí a rán an sí, ó sì ń tún ọ̀rọ̀ náà ṣe kí ó lè wọlé láìjẹ́ pé ó yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn ẹ̀rọ nínú àwọn ìpín tí ó kù nìyí.

4.0 Ibi tí ẹ̀rọ ti wúlò

Kò yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn. Àǹfààní wà nínú ẹ̀rọ yìí, ọ̀kan nínú àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ó dára sì wá láti ilẹ̀ Yorùbá. HelpMum, àjọ kan tí ó fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn, bá àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà láti òkè-òkun ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní ADVISER, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2022. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ṣe é. Ìṣòro tí wọ́n fẹ́ yanjú ni pé owó kò tó láti ṣe ohun gbogbo fún gbogbo ìyá. Ìyá kan wà tí ó jẹ́ pé ìgbàgbé ni ìṣòro tirẹ̀: bí a bá pè é lórí fóònù, yóò wá. Òmíràn kò ní owó ọkọ̀: ìpè lásán kò wúlò fún un, owó ọkọ̀ ni ó fẹ́, tàbí kí ọkọ̀ lọ gbé e. Òmíràn sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àwọn abẹ́rẹ́ ni ó yẹ kí ó lọ bá a ní àdúgbò rẹ̀. Ẹ̀rọ náà a wo àkọsílẹ̀, a ṣírò bí ìrànlọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe lè mú kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí, a sì pín owó tí ó wà nílẹ̀ lọ́nà tí ọmọ púpọ̀ jù lọ yóò fi rí àjẹsára gbà.

Iṣẹ́ ìṣírò nìyí, ó sì bá ẹ̀rọ mu. Àwọn iṣẹ́ mìíràn wà tí ó tún bá a mu: kí ó máa rán àtẹ̀jíṣẹ́ ìránnilétí sí aboyún nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ bá pé, kí ó máa ka ọgọ́rùn-ún ìbéèrè tí àwọn ènìyàn fi ránṣẹ́ sí ètò orí rédíò, kí ó sì sọ fún olóòtú pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ọgbọ̀n nínú wọn ń sọ, kí ó kọ àkọ́kọ ìkéde tí ènìyàn yóò tún ṣe. Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní abẹ́rẹ́ tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ọ̀kan nínú àhesọ tí ó jáde ni pé abẹ́rẹ́ náà yóò sọ àwọn ọmọ náà di àgàn. Bí ẹ̀rọ bá tètè fi irú àhesọ bẹ́ẹ̀ han àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ọjọ́ kìíní, ìdáhùn lè dé kí ọ̀rọ̀ tó ta gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni a ti wọ inú èdè.

5.0 Ìṣòro èdè

5.1 Àmì ohùn àti àmì ìdí lẹ́tà

Gbogbo wa ni ó mọ̀ pé èdè olóhùn ni Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ Yorùbá tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ní àmì. Èyí ni ẹ̀rọ kà, èyí náà ni ó sì máa ń kọ. Nínú ìtàn àròsọ, olùkàwé lè fi òye gbé e. Nínú ọ̀rọ̀ ìlera, ewu ni. Ẹ jẹ́ kí a wo “ito eku”. Ibà Lassa máa ń ran ènìyàn nípa oúnjẹ tàbí ohun èlò tí eku tí ó ní àrùn náà bá tọ̀ tàbí tí ó yàgbẹ́ sí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ó bá Èkìtì pààlà, wà lára àwọn ibi tí àrùn náà ti ń jà jù ní Nàìjíríà. Bí ìkéde bá kọ “ito eku” láìní àmì, ìtọ̀ ni tàbí itọ́? Ẹni tí ó bá kà á sí itọ́ yóò rò pé níwọ̀n bí eku kò bá ti gé oúnjẹ òun jẹ, kò sí ewu.

Bákan náà ni ti oyún àti ọyún, tí ó jẹ́ pé àmì ìdí lẹ́tà nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Gbólóhùn tí ó sọ fún obìnrin pé kí ó sáré lọ sí ilé-ìwòsàn bí ó bá rí ọyún lójú abẹ kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣeré. Àpẹẹrẹ kẹta súnmọ́ ilé: “efon”. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Ẹfọ̀n ni ẹran ńlá inú igbó. Ẹ̀fọ̀n sì ni ìlú Aláayè. Ènìyàn yóò rẹ́rìn-ín bí ó bá rí ìkéde tí ó dà bí ẹni pé ó ní kí a lé àwọn ará Ẹ̀fọ̀n jáde nínú yàrá. Ṣùgbọ́n bí a bá fún ẹ̀rọ tí ń kàwé sókè ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ láìní àmì, kò ní rẹ́rìn-ín. Yóò kà á bí ó ti bá a, yóò sì máa kà á bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá pè é.

Àwọn onímọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lórí èyí. Túndé Adégbọlá àti àjọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, àti Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ní Ilé-Ifẹ̀, ti ṣiṣẹ́ gidi lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe mọ ohùn Yorùbá. Ní ọdún 2018, Iroro Orife gbé iṣẹ́ jáde lórí ẹ̀rọ tí ń dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ tí a kọ láìní àmì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ adámìpadà ń fi ọ̀rọ̀ tí ó yí ọ̀rọ̀ kan ká mọ àmì rẹ̀ ni. Níbi tí ìtumọ̀ méjèèjì bá ti bá gbólóhùn náà mu, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú “ito eku”, oníṣẹ́ ìlera nìkan ni ó mọ èyí tí ó tọ́.

5.2 Orúkọ àrùn

Ìṣòro kejì jinlẹ̀ ju ti àmì lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ibà, ni Yorùbá fi ń pe ara gbígbóná, ni a sì fi ń pe àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. A tún ní ibà pọ́njú, ibà táífọ́ọ̀dù àti ibà Lassa. Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún ara gbígbóná, ó sì ní òmíràn fún àrùn ẹ̀fọn. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gbani nímọ̀ràn pé kí a máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí a tó lo oògùn. Bí a bá túmọ̀ ìmọ̀ràn yìí ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ohun tí yóò jáde ni: “Bí ibà bá ń ṣe yín, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ibà.” Ìyá tí ó gbọ́ èyí yóò béèrè pé, nígbà tí mo ti mọ̀ pé ibà ni, àyẹ̀wò kí ni mo tún ń lọ ṣe? Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú gbólóhùn náà, ṣùgbọ́n ó ti pa ìmọ̀ràn náà run. Ẹni tí ó mọ èdè tí ó sì mọ iṣẹ́ yóò sọ pé: “Bí ara ọmọ yín bá gbóná, ẹ má tíì ra oògùn ibà, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, nítorí àìsàn púpọ̀ ni ó ń mú ara gbóná.”

Ti kòkòrò HIV tún ṣe pàtàkì jù. Orúkọ tí ó gbilẹ̀ jù lọ fún un ní Yorùbá ni àrùn kògbóògùn. Nígbà tí orúkọ yìí jáde, ó bá ohun tí a mọ̀ mu. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2002 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn tí ń mú kòkòrò náà wálẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń lò ó déédéé lè gbé ayé rẹ̀ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìkéde tí ó bá wí pé “ẹ wá gba oògùn àrùn kògbóògùn” ń fi ẹnu kan náà sọ pé oògùn wà, oògùn kò sí. Ẹ̀rọ kò lè rí ìtakora yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ ni ó ń mú, kògbóògùn ni ó sì wọ́pọ̀ jù. Bí ènìyàn kò bá dá sí i, ẹ̀rọ yóò máa fi ìgbà àtijọ́ bá àwọn ènìyàn òní sọ̀rọ̀. Herbert Igboanusi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe èdè-ìperí lórí HIV, AIDS àti Ebola fún Haúsá, Ígbò àti Yorùbá; irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a fi bọ́ ẹ̀rọ.

5.3 Ọ̀wọ̀ àti ẹ̀ka-èdè

Gẹ̀ẹ́sì kò ya ọmọdé àti àgbà sọ́tọ̀ nínú arọ́pò-orúkọ ẹni kejì. Yorùbá àjùmọ̀lò yà wọ́n: o fún ọmọdé, ẹ fún àgbà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń túmọ̀ ìkéde láti Gẹ̀ẹ́sì, ó ní láti yan ọ̀kan, kò sì mọ ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn, yóò bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn pẹ̀lú ẹ, yóò sì fi o parí rẹ̀. Ìyá àgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe, tí ohùn inú fóònù sọ fún pé “lo oògùn rẹ”, lè má gbọ́ ju ìwọ̀sí tí ó wà níbẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà tún lọ́jú pọ̀ ní Èkìtì. Nínú ẹ̀ka-èdè Èkìtì gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń sọ ọ́, kì í ṣe arọ́pò-orúkọ ọlọ́pọ̀ ni a fi ń bu ọlá fún àgbà. Ọ̀nà mìíràn ni ọ̀wọ̀ ń gbà, bí oríkì, ìkíni àti orúkọ ìbátan. Nítorí náà, ohùn tí ó bá ń pe àgbà ní ẹ láìkí i dáadáa lè dún bí ohùn òṣìṣẹ́ ìjọba sí i létí. Ní ti ìró, ẹ̀ka-èdè Èkìtì ń fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: ulé ni ilé, ugbá ni igbá. Ẹ̀rọ tí a fi Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan kọ́ lè má mọ ohun tí àgbẹ̀ Ìlórò ń bi í. Bí ẹ̀rọ kò bá gbọ́ ìbéèrè, ìdáhùn rẹ̀, bí ó ti wù kí ó dán tó, ìdáhùn ìbéèrè ẹlòmíràn ni.

A kò sọ pé kí a kọ gbogbo ìkéde ní ẹ̀ka-èdè. Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì ń gbọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò lórí rédíò àti nílé ìjọsìn. Ohun tí a ń sọ ni pé ìyàtọ̀ wà láàárín èdè tí ènìyàn lè gbọ́ àti èdè tí yóò fi béèrè ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á.

5.4 Òǹkà àti òṣùwọ̀n

Ọmọ tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru nílò omi lára. Ní ilé-ìwòsàn, àpò iyọ̀ àti ṣúgà tí a ti pò sílẹ̀, pẹ̀lú oògùn síńkì, ni wọn yóò fún un. Níbi tí kò bá ti sí, ìmọ̀ràn tí a mọ̀ ni pé kí a po ṣíbí kékeré mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀, kí ṣíbí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwọ̀n gígé, mọ́ lítà kan omi tí ó mọ́. Iyọ̀ tí ó bá pọ̀ jù lè pa ọmọ náà lára. Ní Yorùbá, bí ààbọ̀ bá tẹ̀lé òǹkà, a fi kún un ni: mẹ́fà ààbọ̀ ju mẹ́fà lọ. Gbólóhùn tí ó bá kọ “ṣíbí ṣúgà mẹ́fà àti ààbọ̀ iyọ̀” ti da ṣúgà pọ̀ mọ́ iyọ̀ létí olùgbọ́. Lítà náà kì í ṣe òṣùwọ̀n ìdáná wa. Omi inú ọ̀rá méjì tí a kọ 50cl sí lára ni ìyá ọmọ yóò tètè mọ̀. Ẹ̀rọ lè túmọ̀ lítà. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nílé ìyá ọmọ ni yóò ronú kan ọ̀rá omi.

6.0 Ta ni ó ni ọ̀rọ̀ náà?

Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá ṣi ènìyàn lọ́nà, a mọ ilé rẹ̀, a mọ ọ̀gá rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣi ènìyàn lọ́nà, ta ni a ó bi? Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà mẹ́fà kalẹ̀ lórí lílo ọgbọ́n àtọwọ́dá fún ìlera. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ènìyàn gbọ́dọ̀ wà tí yóò dáhùn fún iṣẹ́ ẹ̀rọ. Òmíràn ni pé ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ wà fún gbogbo ènìyàn láìyọ ẹnì kankan sílẹ̀ nítorí èdè tàbí ipò rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ó tún fi ìmọ̀ràn kún un lórí àwọn ẹ̀rọ asọ̀rọ̀, ó sì kìlọ̀ pé wọ́n lè sọ ohun tí kì í ṣe òtítọ́ pẹ̀lú ìdánilójú.

Ọ̀rọ̀ àṣírí náà wà níbẹ̀. Òfin tí ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn ti di òfin ní Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ó sì ka àkọsílẹ̀ ìlera sí ohun tí ó nílò ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀. Nínú ìlú kékeré, níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó sọ pé kí ènìyàn wá gba oògùn rẹ̀, tí ó sì dárúkọ oògùn náà, ti tó láti tú ilé ká, pàápàá níbi tí tọkọtaya ti ń lo fóònù kan. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé fóònù ọkọ ni. Ìránṣẹ́ tí ó jẹ́ ènìyàn ìbá ti béèrè ẹni tí ó gbé e.

7.0 Àbá

Lórí ohun tí a ti sọ, a dá àbá mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni pé kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣe ìṣírò àti àkọ́kọ, ṣùgbọ́n kí ìkéde kankan má ṣe jáde ní Yorùbá láìjẹ́ pé ọwọ́ mẹ́ta ti kàn án: ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìlera tí yóò wo òtítọ́ rẹ̀, ọwọ́ onímọ̀ èdè tí yóò wo àmì àti ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti ọwọ́ ará ìlú tí yóò gbọ́ ọ. Ẹni kẹta yìí kì í ṣe olùṣàtúnṣe. Kí a kàn ka ìkéde náà sí i létí, kí a sì ní kí ó sọ ohun tí ó gbọ́ padà fún wa. Bí ohun tí ó sọ bá yàtọ̀ sí ohun tí a rán, ìkéde náà ni kí a tún kọ, kì í ṣe ẹni náà.

Èkejì ni pé kí àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ èdè ní yunifásítì wa àti ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ní Ìjerò-Èkìtì pawọ́ pọ̀ ṣe àkójọ orúkọ àrùn, ẹ̀yà ara àti òṣùwọ̀n, pẹ̀lú àmì tí ó péye, ní Yorùbá àjùmọ̀lò àti ní ẹ̀ka-èdè. Ẹ̀kẹta ni pé kí a gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kí ẹ̀rọ lè mọ bí a ti ń béèrè ọ̀rọ̀ ní Ìlórò, ní Àrámọ̀kọ àti ní Ẹ̀fọ̀n. Ẹ̀kẹrin ni pé kí orúkọ ilé-iṣẹ́ ìlera tí ó fi ọwọ́ sí ìkéde, àti nọ́ńbà tí a lè pè láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀, máa wà nínú gbogbo ìkéde tí ẹ̀rọ bá ka.

Àwọn kan lè sọ pé ọwọ́ mẹ́ta yìí yóò fa iṣẹ́ sẹ́yìn nígbà tí àrùn bá ń jà. Òtítọ́ ni pé àjàkálẹ̀ àrùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ti pèsè àwọn gbólóhùn pàtàkì sílẹ̀ kí àrùn tó dé: lórí onígbáméjì, lórí ibà Lassa, lórí ìgbẹ́ gbuuru, lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, ẹ̀rọ yóò kàn fi orúkọ ìlú àti ọjọ́ sí i ni.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọgbọ́n àtọwọ́dá lè ran ètò ìlera lọ́wọ́ nínú ìṣírò, ìránnilétí àti ìtọpinpin àhesọ. A sì ti fi hàn pé ní ti ọ̀rọ̀ sísọ ní Yorùbá, àmì ohùn, orúkọ àrùn, ọ̀wọ̀, ẹ̀ka-èdè àti òǹkà jẹ́ ibi márùn-ún tí ìtumọ̀ ti lè bọ́ sọnù láìjẹ́ pé gbólóhùn náà dà bí èyí tí ó ní àbùkù. Iṣẹ́ tí ó kù kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Bí àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá bá jókòó tí a ń wò, ẹ̀rọ yóò ṣì máa bá àwọn ìyá wa sọ̀rọ̀. Ohun tí yóò máa sọ fún wọn ni a kò ní mọ̀.